ÌWỌ̀N OÒGÙN LẸ́YÌN PÍPÀÀRỌ̀ KÍNDÌNRÍN

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tọmọdé tàgbà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín láàárín wa nìkan, nítorí àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ẹni tí a gbé kíndìnrín tuntun sí lára, ọmọ ẹnìkan ni, aya ẹnìkan ni, baba ẹnìkan ni, kíndìnrín náà pàápàá sì ti ara ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tàbí ìyá ẹni jáde wá lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, ìrora ènìyàn méjì ni ó di òfò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ abẹ ni òpin ìrìn àjò náà. Bí ẹbí bá ti ta ilẹ̀, tí wọ́n ti kó owó jọ, tí aláìsàn ti lọ sí Èkó tàbí sí Ifẹ̀ tàbí sí ilẹ̀ Íńdíà, tí ó sì padà dé pẹ̀lú ojú tí kò wú mọ́ àti ẹsẹ̀ tí ó ti fà, tí ó ń tọ̀ bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí, a ó pa ẹran, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, a ó sì gbà lọ́kàn ara wa pé ó parí. Kò parí. Láti ọjọ́ náà lọ ni oògùn ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, iye oògùn tí ó yẹ kí ẹni náà gbé mì ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kì í sì í ṣe iye tí a kọ sára páálí, kì í ṣe iye tí ẹlòmíràn ń lò, kì í tilẹ̀ ṣe iye tí òun fúnra rẹ̀ lò ní oṣù tí ó kọjá. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni dókítà ti ń kà á, léraléra, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ, àti bí a ó ṣe lè mú kí kíkà náà rọrùn fún ẹni tí ń gbé láàárín àwọn òkè wa yìí.

Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bí àwọn oníbodè ìlú ìgbàanì, tí wọ́n mọ ọmọ ìlú yàtọ̀ sí àlejò, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò wọlé láìjà. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ikọ́ àti ibà àti egbò tí ó kẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sínú ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà yìí kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ó dé, àlejò ni wọ́n rí, wọn a sì gbógun tì í títí yóò fi kú. Peter Medawar ará Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó fi ìdí òótọ́ yìí múlẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960.

Ẹ wo bí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ṣe kọ́kọ́ yẹra fún ogun yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì gbé e sí ara Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì bí, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ara Richard wo kíndìnrín náà, wọn kò rí àlejò nínú rẹ̀. Richard kò lo oògùn kankan láti dẹ ọwọ́ wọn, ó sì lo ọdún 8 sí i láyé. Àwa Yorùbá, tí Ọlọ́run fi ìbejì jíǹkí ju ẹ̀yà yòówù lọ lágbàáyé, ni ó yẹ kí ìtàn yìí tètè wọ̀ létí. Kí a sì tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí ẹyin méjì bí kò sún mọ́ ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ.

Ẹni tí kò ní ìkejì ńkọ́? Òun ni a ṣe wá oògùn fún. Azathioprine ni ó kọ́kọ́ wá, láti ọwọ́ Gertrude Elion àti George Hitchings. Òun ni Murray lò ní ọdún 1962 tí kíndìnrín ẹni tí ó ti kú, tí kò bá aláìsàn náà tan, fi gbà lára rẹ̀. Àwọn dókítà fi prednisolone tì í, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́: iye tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ara fi rọ pátápátá, tí kíndìnrín fi ń bẹ láàyè nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí àrùn àkóràn lásán ń pa ẹni tí ó ni ín. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìjàkadì iṣẹ́ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, kí a dẹ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kí a má sì ká a kò.

Inú erùpẹ̀ ni àwọn oògùn tí ó tún ayé ìtọ́jú yìí ṣe ti wá, ẹnu sì ya mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Erùpẹ̀ kan tí wọ́n bù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókè Hardangervidda ní ilẹ̀ Norway ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Sandoz ní Basel ní Switzerland ti rí olú wẹ́wẹ́ tí ó fún wa ní cyclosporine. Roy Calne fi tọ́jú ènìyàn ní Cambridge ní ọdún 1978, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1983. Erùpẹ̀ ìdí òkè Tsukuba ní ilẹ̀ Japan ni tacrolimus ti jáde ní ọdún 1984, Thomas Starzl sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Pittsburgh ní ọdún 1989. Erùpẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, tí ó dá wà láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, ni sirolimus ti wá. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa níbí, láti orí òkè Ọ̀kà dé ìsàlẹ̀ Ìkàrẹ́ ni àwọn baba wa sì ti ń kọ ebè. Ó wù mí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn mọ̀ pé ohun tí ń bẹ nínú erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò tíì tán ní wíwá.

Lóde òní oògùn mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lò pọ̀: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, àwọn mìíràn ń lo cyclosporine dípò èkíní tàbí azathioprine dípò èkejì. Tacrolimus ni n ó dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà sì ni ààyè tí ó wà láàárín kíkéré àti àpọ̀jù rẹ̀ há jù. Bí a bá pín gíráàmù kan sí bílíọ̀nù 1, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nanogíráàmù. Òun ni a fi ń ka oògùn yìí nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ara ṣì ń bínú gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn a máa fẹ́ kí iye náà wà láàárín 8 sí 12. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀ sí 5 títí dé 8. Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní Symphony, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, tí àwọn aláìsàn tí ó kópa nínú rẹ̀ lé ní 1,600, fi hàn pé àwọn tí a fún ní tacrolimus níwọ̀nba, tí a fẹ́ kí tiwọn wà láàárín 3 sí 7, pẹ̀lú mycophenolate àti prednisolone, ni kíndìnrín wọn ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ nínú gbogbo wọn.

Bí iye náà bá kéré jù, ẹ̀ṣọ́ ara á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kíndìnrín náà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ènìyàn lè máa lọ sí oko, kí ó máa lọ sí ọjà, nígbà tí àlejò inú rẹ̀ ń kú lọ láìpariwo. Bí iye náà bá sì pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n tí kò ní lè di síbí mú dáadáa, orí á máa fọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á ga tí ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí á di alátọ̀gbẹ, àrùn àkóràn á ríbi wọlé. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àpọ̀jù oògùn yìí fúnra rẹ̀ a máa pa kíndìnrín tí a ní kí ó dáàbò bò lára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ pẹ̀lú mi níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà. Ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ ni èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní creatinine. Bí ó bá ń ga sí i, kíndìnrín ń rọ̀. Bí oògùn bá kéré tí ara ń kọ kíndìnrín, creatinine á ga. Bí oògùn bá pọ̀ tí ó ń pa kíndìnrín lára, creatinine náà á ga. Àmì kan náà, ìdí méjì tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Èkíní ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi oògùn kún un, èkejì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dín in kù. Ẹni tí ó bá fi ojú wò ó lásán, tí ó sì yan èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, bí ó bá ṣì í, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi pa ohun tí ó ń tọ́jú. Nítorí náà ni dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe ní dá ọ̀rọ̀ kankan láìjẹ́ pé ó rí iye tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn pàápàá kò ní dá a títí yóò fi gé ẹyọ kín-ń-kín lára kíndìnrín náà wò.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ara sì yàtọ̀ sí ara. Nínú ìfun àti nínú ẹ̀dọ̀ wa ni èròjà kan wà tí ń tú tacrolimus palẹ̀ kí ó tó ráyè ṣiṣẹ́. CYP3A5 ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ jù lọ òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù, tiwọn kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tiwa ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Kì í ṣe àfojúdá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní ọdún 2002, láti mọ bí ohun tí a jogún ṣe yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, Yorùbá ìlú Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n yàn: ènìyàn 90, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí èsì rẹ̀ ti jáde ní ọdún 2005 ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn fi hàn ti wà nílẹ̀ fún onímọ̀ yòówù tí ó bá fẹ́ mọ bí ara Yorùbá ṣe ń gba oògùn.

Ohun tí èyí já sí ni pé bí òyìnbó kan àti ọmọ Ọ̀kà kan bá gun òṣùwọ̀n tí àwọn méjèèjì jẹ́ kílò 60, tí a sì fún wọn ní iye tacrolimus kan náà, iye tí a ó bá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ọ̀kà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti òyìnbó náà. Ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ tí ń bójú tó bí oògùn ṣe bá àjogúnbá mu gbé ìlànà kan jáde, pé ẹni tí CYP3A5 rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí a fi iye oògùn bíi ìgbà kan ààbọ̀ sí ìgbà méjì iye tí a ń fún ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ fún un, kí ó má sì kọjá mílígíráàmù 0.3 fún kílò ara kan lóòjọ́, lẹ́yìn náà kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin apòògùn wa ní pàtàkì, kí ẹ̀rù má bà yín nígbà tí aláìsàn bá fi ìwé oògùn hàn yín tí iye rẹ̀ ga ju ti inú ìwé tí ẹ kà lọ, kí ẹ má sọ fún un pé dókítà rẹ̀ ṣì í kọ, kí ó má baà lọ sílé lọ dín in kù. Mo sì ń sọ fún ẹ̀yin aláìsàn pé kì í ṣe gbogbo wa ni ara wa rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá méjì lè yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi lọ sọ ẹyọ kan di méjì.

Iye tí ó bá ẹ̀jẹ̀ mu lónìí sì lè má bá a mu lọ́la. Bí dókítà bá ń dín prednisolone kù ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, tacrolimus a máa gòkè fúnra rẹ̀, nítorí pé prednisolone wà lára ohun tí ń ran ara lọ́wọ́ láti tú u palẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé oògùn ti bá ìgbẹ́ lọ, wọn a sì fẹ́ fi kún un; òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ìfun tí ó ń ṣàìsàn kò ní agbára láti tú oògùn náà palẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì rọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Rifampicin tí ó wà nínú oògùn ikọ́ ife a máa fa tacrolimus wálẹ̀ gidigidi, débi pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsọ fún dókítà kíndìnrín lè pàdánù kíndìnrín náà kí ikọ́ rẹ̀ tó lọ. Oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Clarithromycin, erythromycin, fluconazole àti ketoconazole ń ṣe òdìkejì, wọn a máa gbé e sókè. Àní àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ketoconazole tàbí diltiazem kún un kí tacrolimus díẹ̀ lè tó. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé ketoconazole rẹ̀, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀.

Nínú oúnjẹ, ọsàn ńlá tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gíréèpù ni kí a yẹra fún pátápátá, nítorí ó ń gbé tacrolimus àti cyclosporine ga. Ti àgbo ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín. Èmi kì í bú àgbo, inú ilé tí wọ́n ti ń se é ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n àgbo kò ní òṣùwọ̀n, èyí tí a sè lónìí kò rí bí èyí tí a sè lánàá, ìwọ̀n sì ni gbogbo ẹ̀mí ẹni tí ó pààrọ̀ kíndìnrín rọ̀ mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún àwa tí kíndìnrín wa ṣì jẹ́ ti àbíbí. Ìkìlọ̀ kan náà ni mo ní fún àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà lójú ọ̀nà láìbéèrè: bí wọ́n bá pàdé tacrolimus nínú kíndìnrín kan ṣoṣo, wọn a gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.

Mycophenolate ní ìwà tirẹ̀. A kì í sábà wọn òun fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Iye ẹ̀jẹ̀ funfun ni dókítà ń wò, bí ó bá ti lọ sílẹ̀ jù tàbí tí inú bá ń ṣú aláìsàn láìdáwọ́ dúró, á dín in kù. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ṣì fẹ́ bímọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: mycophenolate a máa ba ọlẹ̀ jẹ́ nínú. Kí obìnrin tí ó pààrọ̀ kíndìnrín sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ fún dókítà kí ó tó lóyún, kí wọ́n lè gbé e kúrò lórí rẹ̀, azathioprine ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 kí oyún tó dé. Ẹni tí ó bá sì wà lórí azathioprine kò gbọdọ̀ fi allopurinol, oògùn làkúrègbé kan, kún un lẹ́yìn dókítà, nítorí pé àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè gbẹ ẹ̀jẹ̀ funfun tán.

Nígbà tí a bá ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan, olùkọ́ ilé ìwé ní Ìwárò Ọ̀kà. Aago 8 alẹ́ ni ó gbé oògùn rẹ̀ mì. Aago 8 òwúrọ̀ ni ó tún yẹ kí ó gbé òmíràn mì, ṣùgbọ́n ọjọ́ àyẹ̀wò ni, kò sì gbé e mì. Ó di kápúsù òwúrọ̀ náà mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó mú omi dání, ó lọ jókòó sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ apá rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré olómorí aláwọ̀ àlùkò, ó rọra dojú ìgò náà délẹ̀ ó tún gbé e dìde lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ náà má baà dì. Nígbà náà ni olùkọ́ wa tú etí ìborùn rẹ̀, tí ó sì gbé kápúsù mì. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti gbé e mì nílé ní aago 6, ìgbà tí oògùn náà ń ru sókè nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò náà ìbá bọ́ sí. Iye tí yàrá àyẹ̀wò á kọ ìbá ga, dókítà tí kò mọ̀ ìbá dín oògùn rẹ̀ kù, oògùn tí ó tó tẹ́lẹ̀ á sì di èyí tí kò tó. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní wákàtí tí kò yẹ burú ju àìṣe rẹ̀ lọ.

Bí èsì bá dé, ìṣírò tí dókítà ń ṣe kò ṣòro púpọ̀. Ká ní mílígíráàmù 4 ni obìnrin yìí ń lò lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́, tí èsì sì jẹ́ 5, tí dókítà sì ń fẹ́ bíi 7, á gbé e sí mílígíráàmù 5 tàbí díẹ̀ lé, nítorí pé iye inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé iye tí a gbé mì. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nílò ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí iye tuntun tó fìdí kalẹ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin kan náà ni fún ẹni tí ilé oògùn yí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe tacrolimus rẹ̀ padà, nítorí pé kápúsù méjì tí a kọ mílígíráàmù kan náà sí lára lè má wọ ẹ̀jẹ̀ bákan náà. Ẹ mọ orúkọ tí ó wà lára páálí yín, ẹ sì kígbe bí ó bá yí padà.

Àwọn ará wa Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkàrẹ́, ọ̀rọ̀ Ramadan sì kàn wọ́n. Láti sààrì dé ìṣínu ju wákàtí 12 lọ nílẹ̀ wa, oògùn ẹlẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ kò sì fẹ́ kí a na àárín rẹ̀ bó ṣe wù wá. Omi tí kíndìnrín ń fẹ́ lójú ọ̀sán tún wà níbẹ̀. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó bá dókítà rẹ̀ àti àlùfáà rẹ̀ sọ ọ́ kí oṣù tó lé.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń gbé kápúsù kan mì ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ń fo ti alẹ́, kí oṣù lè bá oṣù. Wọ́n ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́, ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ fún dókítà, dókítà á rí iye tí ó lọ sílẹ̀, á rò pé ara ni ó ń tú oògùn palẹ̀, á kọ púpọ̀ sí i, owó oògùn á tún ga sí i. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú yìí pa ẹni yín. Ẹ sọ fún dókítà pé owó ti tán. Ó ní ọ̀nà tí ó lè gbà: oògùn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ wà, ọgbọ́n diltiazem tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dà bí kí a máa fò ó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ àti ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀kà tí ẹ wà ní Èkó àti lókè òkun, tí ẹ ń dáwó ìsìnkú olówó ńlá lọ́dọọdún, ẹ wá àyè fún oògùn alààyè nínú àpò ẹgbẹ́ yín.

Ó ku ohun kan tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2000. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa, ilé ìtọ́jú kíndìnrín wà ní ìlú Oǹdó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbéra ní Ìkàrẹ́, tí ó gba Àkùngbá kọjá, tí ó já sí Ọ̀wọ̀, tí ó la Àkúrẹ́ àti Iléṣà kọjá kí ó tó dé Ifẹ̀, kò lè dé ibẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀ bí kò bá sun ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ wákàtí kejìlá lẹ́yìn oògùn alẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí ìrìn àjò yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń sún àyẹ̀wò síwájú títí oṣù mẹ́ta á fi di mẹ́fà.

Aláìsàn kọ́ ni ó yẹ kí ó rin ìrìn àjò náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Odindi ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú ìgò olómorí àlùkò yẹn ni a fi ń wọn tacrolimus, bí a bá sì gbé e sínú òtútù, iye oògùn inú rẹ̀ kò ní yẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ohun tí ó ní kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ àti ti Ìwárò Ọ̀kà má lè fà á ní aago 8 geerege, kí wọ́n tò ó sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí ọkọ̀ tí ń lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe owó tí ó tó kọ́ ilé. Ìwé pélébé kan tí yóò bá ìgò náà lọ ni, tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kọ: wákàtí tí aláìsàn gbé oògùn mì kẹ́yìn, wákàtí tí a fa ẹ̀jẹ̀, iye mílígíráàmù tí ó ń lò, orúkọ tí ó wà lára páálí, oògùn mìíràn tí ó lò láàárín oṣù yẹn, bóyá ó yàgbẹ́ gbuuru, bóyá ó fo oògùn rí. Ìgò tí kò bá ní ìwé yìí lára, kí ọkọ̀ má gbé e. Bí èsì bá sì jáde, kí dókítà pe aláìsàn fúnra rẹ̀ lórí fóònù, kí aláìsàn ka iye tuntun náà padà fún un kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé náà. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìpàdé yìí, kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì Ìkàrẹ́ àti ti Ìwárò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó máa lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ó bá rọrùn fún yín nínú ọ̀sẹ̀ kọ sí òkè rẹ̀ fún mi.